Ẹ má tíì ra mọ́dábọ́ọ̀dù: bátìrì kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ní Alékúwodò, nílùú Òṣogbo wa níbí, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní dẹ́sítọ́ọ̀pù òun, tòkunbọ̀ tí òun ti ń lò fún ọdún bíi mélòó kan, ń da òun láàmú. Bí òun bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láàárọ̀, iná iwájú á tàn, fáànù á yí, kò ní pẹ́ tí á fi kú. Á tún dá ara rẹ̀ tàn, á tún kú. Mọ́nítọ̀ ò ní gbé nǹkan kan jáde ju "No Signal" lọ. Bó bá wá gbà níkẹyìn, á kọ ọ́ pé aago ò tọ̀nà, kí òun tẹ F1, ọdún 2012 ló sì máa ń gbé jáde. Bí òun bá tẹ F1, àmì Windows á yọ, ojú mọ́nítọ̀ á di búlúù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ INACCESSIBLE BOOT DEVICE, ẹ̀rọ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, kì í tàn kó máa kú mọ́, ṣùgbọ́n kì í wọ Windows. Ó fi kún un pé kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìkànnì kan, títí kan ibi tí wọ́n ti ń wo èsì WAEC, ti ń kọ̀ láti ṣí, tí wọ́n ń sọ pé kò sí ààbò. Ẹnjiníà àkọ́kọ́ tó gbé e lọ bá ní mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo ohun inú ẹ̀rọ so mọ́, ti kú, kó ra òmíràn. Ẹnìkejì ní kó jẹ́ kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí òun pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí òun sì fi Windows tuntun sí i. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN wà lórí ẹ̀rọ náà, ìwé ẹgbẹ́ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀. Ó bi mí pé ta ni kí òun gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnìkankan nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ ra bátìrì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ CR2032 sí lára. Òun ni mo fura sí jù. Mo máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí bó bá yé yín, ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa sọ fún ẹni tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ náà lọ bá, ẹ ò sì ní sanwó ohun tí ẹ ò nílò.

Mọ́dábọ́ọ̀dù tó ti kú ò lè sọ fún yín pé aago òun ò tọ̀nà. Kí kọ̀ǹpútà tó dé ibi tó ti ń ní kí ẹ tẹ F1, ó ti yẹ ara rẹ̀ wò: ó ti rí RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), ó ti rí ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé ojú mọ́nítọ̀. Kí ojú tó di búlúù, ó ti ka nǹkan látorí hard disk tí fáìlì yín wà, nítorí orí hard disk náà ni Windows tó ń kọ ọ̀rọ̀ búlúù yẹn wà. Ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ yẹn ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bátìrì CR2032 yìí wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ jùlọ dẹ́sítọ́ọ̀pù. Volt 3 ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí aago inú ẹ̀rọ máa rìn nígbà tí kò bá sí iná, àti kí ètò BIOS má bàa parẹ́. BIOS yìí ló máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, òun ló ń yẹ ẹ̀rọ wò kó tó fa iṣẹ́ lé Windows lọ́wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà kọ̀ǹpútà bá wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná sì wà, bí ẹ tilẹ̀ ti pa á, power pack, àpótí tó ń gba iná ògiri sínú ẹ̀rọ, á ṣì máa rán volt 5 díẹ̀díẹ̀ sínú mọ́dábọ́ọ̀dù, aago á máa jẹ nínú ìyẹn, bátìrì á sì máa sinmi. Níbi tí iná kì í lọ, bátìrì kan lè lo ọdún púpọ̀. Tiwa níbí yàtọ̀. Lálẹ́ a ń pa sọ́kẹ́ẹ̀tì kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Àìkú a ò ṣí. Lọ́sàn-án wọ́n á mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, epo á tán. Gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, bátìrì nìkan ló ń gbé aago rìn. Tòkunbọ̀ tún wá burú sí i: ó ti lo ọdún díẹ̀ lókè òkun, ó ti jókòó sínú kọ̀ntẹ́nà àti ilé ìkẹ́rùsí láìrí iná, bátìrì kan náà ló sì máa ń bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ní Òṣogbo, ẹni tó bá ń fi tòkunbọ̀ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka bátìrì yìí mọ́ ohun tí à ń pààrọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ra íǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àwọn ìkànnì tó kọ̀ láti ṣí ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìkànnì tó ní ààbò ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Kọ̀ǹpútà á fi ọjọ́ inú aago tirẹ̀ wé e. Bí aago bá sọ pé ọdún 2012 la wà, lójú rẹ̀ ìwé ẹ̀rí náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, á sì kìlọ̀ fún yín pé ibẹ̀ léwu. Kò sí ohun tó ṣe WAEC, kò sí ohun tó ṣe dátà yín. Aago ló ti ń yẹ̀, bátìrì ti ń tán lọ láti ìgbà náà.

Ó ku ojú búlúù. Nínú BIOS, ìlà kan wà tó ń sọ ọ̀nà tí mọ́dábọ́ọ̀dù máa fi bá hard disk lò. SATA Mode tàbí SATA Operation ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, ohun tó sì máa ń wà níwájú rẹ̀ ni AHCI, RAID tàbí IDE. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi Windows sórí ẹ̀rọ yín, ọ̀kan nínú àwọn yìí ló wà níbẹ̀, Windows sì múra sílẹ̀ fún ìyẹn nìkan. Bí bátìrì bá kú tán, ọ̀pọ̀ BIOS á gbàgbé, wọ́n á padà sí bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Bí èyí bá yàtọ̀ sí ohun tí Windows mọ̀, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í jí, á wá hard disk tó wà lórí rẹ̀ tì, á sì dá iṣẹ́ dúró. Hard disk ò bàjẹ́, fáìlì ò sọnù.

Ẹ wá wo ohun tó ń dùn mí nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún yín: méjèèjì ló máa dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ra mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn, bátìrì tó ṣì lágbára lè wà lórí rẹ̀, nítorí náà F1 á lọ, ẹ ó sì gbà pé mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti bàjẹ́ lóòótọ́. Bí wọ́n bá fọ́ọ̀màtì rẹ̀, Windows tuntun á múra sílẹ̀ fún ètò tó bá nínú BIOS lọ́jọ́ náà, á sì wọlé láìjanpata, ẹ ó sì gbà pé Windows ló ti bàjẹ́. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ẹni tí oníbàárà ti tò sí níwájú á yan ọ̀nà tó mọ̀ pé ó máa ń tètè yọrí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló máa bá fọ́ọ̀màtì lọ, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa wá bá ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti títàn àti kíkú àárọ̀, ohun méjì ló lè fà á, ẹ lè fi ọgbọ́n kan mọ èyí tó jẹ́ láìná kọ́bọ̀. Èkínní: bí BIOS bá ti gbàgbé gbogbo ètò, ó gbọ́dọ̀ tún RAM kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù á sì dá ara wọn pa kí wọ́n tún dá ara wọn tàn, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí àwòrán tó yọ. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń kú lalaalẹ́ tí bátìrì ò sì ní nǹkan kan nínú, gbogbo àárọ̀ á dà bí ọjọ́ àkọ́kọ́ fún un. Èkejì: inú power pack ní àwọn kapásítọ̀, nǹkan roboto tó ń gba iná dúró kó lè máa ṣàn dọ́gba. Bí wọ́n bá ti gbó, wọn kì í lágbára nígbà tí wọ́n bá tutù. Bí wọ́n bá gbóná díẹ̀, wọ́n á tún gbìyànjú. Ìyẹn náà á mú kí àárọ̀ le kí ọ̀sán sì rọrùn.

Ọgbọ́n tí mo wí nìyí. Lọ́sàn-án, nígbà tí ẹ̀rọ ti wà lórí iná fún wákàtí bíi méjì, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́ kù lè ṣàn jáde, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó dá a padà kí ẹ tàn án. Power pack ò tíì tutù láàárín ìgbà yẹn. Bó bá tún ń tàn tó ń kú, tí ọdún 2012 sì tún padà dé, bátìrì ni. Bó bá tàn láìyọnu, tó sì jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń ṣòro, power pack ni kí ẹ máa wò. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń ṣe é. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì ni pé òun ló dínwó jù, òun ló sì lè dáhùn ìbéèrè tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ wáyà iná kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ pátápátá, kì í ṣe kí ẹ kàn pa suwíìṣì. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí iná tó wà lára yín lè lọ síbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì gan-an nígbà ọyẹ́, tí aṣọ ń ta pàràpàrà lára ènìyàn. Bátìrì á hàn sí yín, irin kékeré kan ló dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ojú tó ní àmì àròpọ̀ ló máa ń wà lókè tàbí níta. Àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe àti àwọn tó ń tún rìmóòtù ọkọ̀ ṣe ń tà á. Ẹ ní kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín: tuntun gbọ́dọ̀ ju volt 3 lọ díẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá ti sún mọ́ volt 2.5 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn.

Bátìrì tuntun kì í dá ètò àtijọ́ padà fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ inú BIOS. Lórí HP, ẹ máa tẹ F10 bí ẹ bá ti tàn án. Lórí Dell, F2. Lórí ọ̀pọ̀ Lenovo, F1. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo ojú ewé tí ẹ bá dé, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ wá ìlà SATA tí mo sọ. Bó bá wà lórí AHCI, ẹ gbé e sí RAID. Bó bá wà lórí RAID, ẹ gbé e sí AHCI. Ẹ fi pamọ́, ẹ jáde, ẹ wò ó bóyá Windows á wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ dán èyí tó kù wò, tàbí kí ẹ dá a padà síbi tó wà. Yíyí ìlà yìí nìkan kì í pa fáìlì rẹ́. Ohun tó lè pa á rẹ́ ni bí ẹ bá wọ ojú ewé mìíràn tó ń béèrè pé ṣé kí òun dá RAID tuntun sílẹ̀. Bí ẹ bá bá ara yín níbẹ̀, ẹ jáde láìfọwọ́sí ohunkóhun.

Bí ohun tí ẹ̀rọ kọ bá yí padà, tó ní kò sí ibi tí òun ti lè jí, ìlà mìíràn ni kí ẹ wò nínú BIOS: UEFI àti Legacy, ọ̀nà méjì tó lè gbà jí Windows. Windows tí wọ́n fi sí abẹ́ ọ̀kan kì í jí lábẹ́ èkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹ yí i, ẹ dán an wò, ẹ dá a padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta papọ̀ ò ní mọ èyí tó ṣe é lóore, kò sì ní mọ èyí tó dá kún ìṣòro. Bí ẹ bá rí ojú búlúù mìíràn tó ń béèrè nọ́mbà gígùn oní dígíìtì 48, BitLocker, ètò Windows tó ń ti fáìlì pa, ló ti ti hard disk pa. Ẹ wo inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí kọ̀ǹpútà náà, ibẹ̀ ni nọ́mbà náà sábà máa ń wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun á gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, bóyá Windows wọlé tàbí kò wọlé, ẹ kó iṣẹ́ àwọn ènìyàn jáde. Bó bá wọlé, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró tẹ ìwé kankan. Bí kò bá wọlé, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè yọ hard disk kí ẹ fi wáyà SATA so ó mọ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù ẹlòmíràn bí hard disk kejì, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Tàbí kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ bá yín fi Ubuntu, ètò tó ń ṣiṣẹ́ bíi Windows, sínú fláàṣì tó tó GB 8 sókè. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu, Rufus tó ń gbé e sínú fláàṣì náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ó fi fláàṣì yẹn jí ẹ̀rọ yín (F9 lórí HP, F12 lórí Dell àti Lenovo), ẹ ó yan pé ẹ kàn fẹ́ dán an wò, ẹ má yan pé ẹ fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ. Fáìlì yín á hàn, ẹ ó sì kó o sórí fláàṣì mìíràn.

Ẹ fetí sí hard disk náà. Bó bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́, tó ń dá dúró tó tún ń bẹ̀rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án ni ohun tó ṣẹ́ kù ń bàjẹ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe ètò àtúnṣe kankan lórí irú hard disk bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ gbígba fáìlì padà kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí òmíràn. Ẹ ò sọ pé ẹ gbọ́ irú ìró yìí, mo sì rò pé tiyín ò dé bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti pààrọ̀ bátìrì, tí ọjọ́ ń dúró dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ṣì ń tàn tó ń kú láàárọ̀, ẹ wá sórí iná. Ẹ gbé e kúrò lára wáyà ìfàgùn, ẹ fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri gan-an. Ọ̀pọ̀ wáyà ìfàgùn tí à ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ni ẹnu rẹ̀ ti jó dúdú nínú, fọ́tòkọ́pì ń fa iná lára rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ń fà á. Ẹ wo ẹ̀yìn power pack: àwọn kan ní suwíìṣì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Volt 230 ni iná Nàìjíríà, orí 230 ló gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e sí 115, power pack lè bú gbàù lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá tàn án.

Ẹni tó ní mítà lè wọn power pack láìtú u. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí, kó ki ẹnu mítà bọ ẹ̀yìn ẹnu wáyà ńlá tó wọ mọ́dábọ́ọ̀dù, kí ọ̀kan wà lórí wáyà dúdú. Wáyà yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín volt 11.4 sí 12.6, pupa láàárín 4.75 sí 5.25, olómi ọsàn láàárín 3.14 sí 3.47. Wáyà elésè àlùkò gbọ́dọ̀ ní volt 5 bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ wà ní pípa. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tó bá ń yọ yín lẹ́nu, ni kó wọ̀n ọ́n. Ti ọ̀sán ò ní sọ òótọ́ fún un. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má tú inú power pack náà. Iná tó ju volt 300 lọ lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ ńlá ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú iná, ó sì lè pa ènìyàn. Kó wo orí mọ́dábọ́ọ̀dù bákan náà: bí orí kapásítọ̀ kan bá wú, tàbí tí nǹkan bíi kọfí bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù náà ní ẹjọ́ láti jẹ́.

Bó bá di pé ẹ máa ra power pack, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ. HP àti Dell tó pọ̀, pàápàá àwọn tẹ́ẹ́rẹ́, ní ẹnu wáyà tiwọn tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó wọ́pọ̀, àwọ̀ wáyà tí mo kà sókè yìí náà sì lè má bá tiwọn mu. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo rẹ̀ ló bá ara mu, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé RAM, torí òun náà máa ń fa "No Signal". Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ bá wà ní ṣíṣí fún bátìrì, ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà, ẹ nu ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dún. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo dán an wò, kí ẹ tó fi èkejì. Eruku ojú títì Alékúwodò ò kéré, ẹ fẹ́ ti inú fáànù náà jáde. Ọ̀rọ̀ ooru, tí àwọn kan máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, mi ò kà á sí ti yín: ẹ̀rọ tí ooru ń pa á máa ń dára láàárọ̀ kó tó bàjẹ́ lọ́sàn-án, tiyín sì yàtọ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti jí dáadáa, ẹ jẹ́ ká dáàbò bò ó. Òṣogbo yìí ni ibùdó ìdarí iná gbogbo Nàìjíríà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i pé iná orílẹ̀-èdè ò kọjá ààlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dé ṣọ́ọ̀bù yín ti gba ara tiransifọ́mà àdúgbò kọjá, iye ènìyàn tó ń fà á ló sì ń pinnu volt tó kù fún yín nírọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà máa ń ga máa ń wálẹ̀, pàápàá bí epo bá ń tán. Bí owó bá wà fún nǹkan kan ṣoṣo, UPS, àpótí oníbátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ bí iná bá lọ, ni kí ẹ rà, kì í ṣe sitebiláísà nìkan, torí UPS á fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Ẹ má so fọ́tòkọ́pì mọ́ ọn láé. Kò ní lè gbé e. Bátìrì inú UPS náà máa ń kú, ooru ṣọ́ọ̀bù sì ń mú un yá, nítorí náà bí tiyín bá ti ń pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, bátìrì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ò mọ̀. Láti Windows 8 wá, bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, kì í sábà kú tán. Ó ń fi apá kan ara rẹ̀ pamọ́ sórí hard disk kó lè tètè jí. Bí ẹ bá pa sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó parí iṣẹ́ yẹn, Windows lè bàjẹ́. Ẹ dúró títí iná iwájú á fi kú. Bí ẹ bá tẹ Shift mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yan Shut down, á kú pátápátá.

Mo ti sọ pé ẹ má tíì ra mọ́dábọ́ọ̀dù; ìgbà kan wà tí mo máa gbà pẹ̀lú ẹnjiníà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi bátìrì tuntun sí i, tí ẹ yá power pack tó dára wò lára rẹ̀, tí ẹ fi RAM kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ pé ó dára sí i, tí ẹ yọ hard disk àti gbogbo ohun mìíràn kúrò, tó ṣì ń tàn tó ń kú láìgbé àwòrán jáde, mọ́dábọ́ọ̀dù tàbí ohun tó jókòó lórí rẹ̀ ló ní ìṣòro. Nígbà náà pàápàá, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti máa wá mọ́dábọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kiri. Ẹ fi owó náà kún ti dẹ́sítọ́ọ̀pù mìíràn, kí ẹ gbé hard disk yín sínú rẹ̀ bí hard disk kejì láti kó iṣẹ́ yín. Ẹ bèèrè èyí tó lè gba Windows 11, ìyẹn Intel ìran kẹjọ sókè, nítorí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n pa á ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún tàn án lójú yín, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa gbé jáde.